Kí Ọmọ Tuntun Tó Gbé Ìbọn: Bí A Ṣe Ń Wọ Ẹgbẹ́ Ọdẹ Nílẹ̀ Yorùbá

Láti ọjọ́ 9, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, tí wọ́n ti ṣí ikọ̀ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn fún ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn tí wọ́n ń gbà sí i, ni orúkọ ọdẹ tún ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń lépa. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ ẹtu àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ń wá ẹni tí yóò ta ìbọn fún un. Ẹni tí kò sun inú igbó rí ní òru kan ṣoṣo ń rán gbérí ọdẹ lọ́dọ̀ télọ̀. Àwọn àgbà ọdẹ tí ó ṣẹ́kù ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Wọ́n mọ̀ pé ìbọn kọ́ ni í sọ ènìyàn di ọdẹ. Ẹgbẹ́ ni í sọ ènìyàn di ọdẹ, ẹgbẹ́ kì í sì í gba ènìyàn wọlé ní ọjọ́ kan.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí ọ̀nà náà ti rí, kí olùkọ́ lè rí èsì fọ̀ bí wọ́n bá bi í, kí àwọn àgbà náà sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú tiwọn nìyẹn. Àṣà ọdẹ kò dọ́gba káàkiri. Olúọdẹ ni ọ̀pọ̀ ìlú ń pe olórí ọdẹ wọn. Ní ibòmíràn, Aṣípa ni ẹ óò máa gbọ́. Oyè ìlú kan lè ṣíwájú ti èkejì. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé, ìyàtọ̀ kò pọ̀ tó bí a ti rò.

Kì í ṣe òní ni àwọn ọdẹ ti ń kó ara wọn jọ. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ fi yé wa pé ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, ògbójú tafàtafà tí ó tẹ̀dó sí ìdí igi àjàgbọn. Nígbà tí ó yá, ó rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni òun ń gbé inú igbó náà. Ó wá àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn: kí wọ́n lè gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn tí ń jí ènìyàn kó, kí wọ́n lè jọ máa dọdẹ àwọn ẹranko ńlá, kí ẹni tí ìyà bá sì ń jẹ lè rí ẹni ràn án lọ́wọ́. Ọfà Ògúnlọlá yìí kan náà ni ìtàn sọ pé ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó gbé lọ fún Aláàfin ni ìlú náà fi ń jẹ́ orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ ọdẹ ni ó ṣíwájú, ìlú ni ó tẹ̀lé e.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà dé inú ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan wà tí a bí i mọ́. Orúkọ wọn ni ẹ óò kọ́kọ́ fi mọ̀ wọ́n: Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́yẹmí, Ọdẹ́jídé, Ògúndélé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í mọ ọjọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìgbà tí ó ti ń rá kòrò ni ó ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀tù lára agbádá bàbá rẹ̀. Kí ó tó lè gbé ọkọ́ dáadáa ni ó ti ń dẹ tàkúté fún òkété ní ẹ̀yìnkùlé, tí ó sì ń fi rọ́bà ta ẹyẹ. Èkejì ni ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, tàbí oníṣòwò, tàbí tíṣà, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí igbó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò mú un wọlé bí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Kò gbọdọ̀ dá lọ. Bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni yóò mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọdẹ, ní ìrọ̀lẹ́ tí ọdẹ bá wà nílé, pẹ̀lú obì àti orógbó àti ọtí. Wọn kò ní kí i bí a ti í kí àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò. “Bàbá, àrìnpa o!” ni wọn yóò wí. Bí ọ̀gá bá ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, tí wọ́n sì ti ro ẹjọ́ wọn, kì í wo ọmọ náà lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni yóò kọjú sí.

“Ṣé ọmọ yìí a máa bínú?”

“Ọmọdé ni, Bàbá. A máa bínú díẹ̀díẹ̀.”

“Nígbà tí ó bá ń bínú, kí ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń mú?”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Ẹni tí inú bá ń bí tí ó fa igi yọ, bí ó bá di ọdẹ tán, kí ni yóò fà yọ? Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá yóò béèrè bóyá ọmọ náà máa ń jí ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀, bóyá ó máa ń mu ẹmu, bóyá ó lè pa ẹnu mọ́. Kì í dáhùn ní ọjọ́ náà. Yóò ní kí wọ́n máa lọ ilé, kí wọ́n padà wá. Ní àárín ìgbà náà ni yóò ránṣẹ́ wádìí ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò rẹ̀, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò kọjá ibí yìí, bàbá wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí láé.

Bí wọ́n bá gbà á, ìbọn kọ́ ni wọn yóò gbé lé e lọ́wọ́. Àpò ni. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni yóò máa gbé àpò ọ̀gá, ni yóò máa pọn omi, ni yóò máa dá iná sí ìdí ẹran nígbà tí wọ́n bá lọ dẹ̀gbẹ́ sí igbó jíjìn, tí wọ́n fẹ́ lo ọjọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Yóò máa jí kí ọ̀gá tó jí. Yóò máa rìn ní ẹ̀yìn, kì í ṣe níwájú, kì í sì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé òde òní lè pe èyí ní ìyà. Kì í ṣe ìyà lásán. Ẹni tí ó ń rìn ní ẹ̀yìn ọ̀gá láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò mọ ibi tí ọ̀gá ń gbé ẹsẹ̀ sí, bí ó ti ń yẹra fún ewé gbígbẹ, bí ó ti ń dúró lójijì láìsọ̀rọ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ ẹ̀yìn júwe kí ẹni tí ó ń bọ̀ dúró.

Ẹ̀kọ́ afẹ́fẹ́ ni ó ṣáájú. Ẹranko kò ní láti rí ọdẹ kí ó tó sá. Òórùn rẹ̀ nìkan tó. Nítorí náà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yóò kọ́ láti bu eérú tàbí erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, kí ó jẹ́ kí ó dà sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀, kí ó wo ibi tí ó ń fẹ́ lọ. Bí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ lọ bá ẹran, yóò yí po. Ó lè fi wákàtí kan yí po nítorí ohun tí ó wà ní iwájú rẹ̀ gan-an. Ẹ̀kọ́ ẹsẹ̀ ni ó tẹ̀lé e: ẹsẹ̀ ẹtu kéré, ó mú ṣóńṣó, ti túùkú tóbi jù ú lọ, ó sì tẹ́, ẹsẹ̀ tí òjò ti bọ́ sí inú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran, koríko tí ó já, èèpo igi tí ó họ, ibi tí ó sùn sí, gbogbo rẹ̀ ni ìwé. Ọ̀gá kì í sì í ṣàlàyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti sọ̀rọ̀ ìjálá, nítorí àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìdárayá ni, pé ohun tí ọdẹ ń sun nígbà tí ó bá ti mu ẹmu tán ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìjálá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1966, ti jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ewì tí ó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa olólùfẹ́ ewì kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Púpọ̀ nínú ìjálá ni oríkì ẹranko. Oríkì ẹranko sì ń sọ bí ẹranko náà ti ń rìn, àwọ̀ ara rẹ̀, ohun tí ó ń jẹ, bí ìpá rẹ̀ ti ń dùn ún, bí ìwà rẹ̀ ti rí nígbà tí a bá há a mọ́. Ọmọ tí ó bá mọ oríkì ẹfọ̀n ti mọ̀ kí ó tó pàdé ẹfọ̀n pé ẹran tí a ṣá lọ́gbẹ́ tí kò kú lè padà wá bá ẹni tí ó ṣá a. Ìwé ẹ̀kọ́ ni ìjálá jẹ́ fún un. Bí ó bá sì sun ún kù díẹ̀ káàtó níwájú àwọn àgbà, wọn kò ní dákẹ́ fún un. Wọn yóò dá a dúró, wọn yóò tún un ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ilé ìwé wa ń kọ́ ọmọdé lónìí, èwo ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù ń gbọ́ tí ó sì ń tún un ṣe lójú ẹsẹ̀?

Láyé àtijọ́, ọrun àti ọfà ni ọmọ tuntun yóò kọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ìbọn. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ tí wọ́n ń bọ púpọ̀ ní Kétu, ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé e lọ, títí di òní ni wọ́n sì ń pe ọrun òun ọfà rẹ̀ ní ofá. Ní Kúbà ẹ̀wẹ̀, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì wà lára àwọn jagunjagun tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹ̀sìn náà kọ́kọ́ ń gbà. Ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára láti fi kọ́ ọfà títa. Ó rọ̀, kì í ba ẹnu ọfà jẹ́, ó sì ń fi ojú ọgbẹ́ hàn, kí ọ̀gá lè rí ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀. Ìṣòro ọfà kò pọ̀ ní ojú; ọ̀dọ̀ mímí ni ó wà. Ẹni tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè ta á bá ohun tí ó fojú sùn.

Ìbọn ni ó wá dé tí ó sọ nǹkan di líle. Ṣakabùlà kì í ṣe ohun tí à ń yìn léraléra bí ìbọn ọmọ ogun. Ẹ̀tù ni a óò kọ́kọ́ dà sí ẹnu rẹ̀, a óò fi àkísà tẹ̀ ẹ́, a óò fi ọ̀pá gún un kí ó lè ki, a óò da ọta lé e, a óò sì tún fi àkísà dí i kí ọta má baà yí jáde. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, irin lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú. Bí ó bá kéré jù, ẹran yóò fara gbọgbẹ́ lásán, yóò lọ kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Nígbà mìíràn, a ó fa ìbọn, kò ní dún. Ọmọ tí kò tíì gbọ́n yóò yí ẹnu rẹ̀ padà láti wo ohun tí ó ṣe é. Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ yóò ti kọ́ ọ pé kí ó mú un dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó sì dúró pẹ́, nítorí iná lè ti máa jó lọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó wá dún.

Àwọn èèwọ̀ ìbọn pọ̀, wọn kò sì jẹ́ èèwọ̀ òrìṣà nìkan. A kì í kọ ẹnu ìbọn sí ènìyàn, ìbáà ṣófo. A kì í gbé ìbọn tí a ti kì wọ ilé. A kì í fi lé ọmọdé lọ́wọ́ kí ó bá ni mú un dání. A kì í fò kọjá gegele tàbí odò pẹ̀lú ìbọn tí ó ti múra tán láti dún. Nígbà tí àwọn ọdẹ bá péjọ láti sun pápá ní ẹ̀ẹ̀rùn nítorí ọ̀yà, olúkúlùkù ni wọn yóò fi ibi tí yóò dúró sí hàn, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọ̀yà mẹ́wàá sá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá kúrò ní àyè rẹ̀ ti bọ́ sí ojú ìbọn ẹlòmíràn.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: a kì í yìnbọn sí ìró, a kì í yìnbọn sí koríko tí ó mì. Ẹran ni a ń yìnbọn sí, lẹ́yìn tí a bá ti rí i, tí a sì ti mọ irú ẹran tí ó jẹ́.

Ní alẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń di ikú. Ọdẹ a gbé iná sí iwájú orí, iná náà a bọ́ sí ojú ẹran, ojú ẹran a sì máa tàn padà. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn aláìgbọ́n fi ń rò pé ohunkóhun tí ó bá ti tàn nínú igbó, ẹran ìgbẹ́ ni. Ojú ewúrẹ́ ń tàn. Ojú màlúù ń tàn, ojú ajá ń tàn. Iná orí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni, bí ewé bá bò ó díẹ̀, ń ṣẹ́jú bí ojú ẹran. Ẹ̀ṣẹ́ná sìgá lẹ́nu ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tí ó ń ṣọ́ oko rẹ̀ lọ́wọ́ olè, ń tàn pupa. Ọ̀gá ọdẹ yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ láti wo bí ojú méjèèjì ti jìnnà sí ara wọn, bí wọ́n ti ga tó sí ilẹ̀, bí wọ́n ti ń rìn. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ó rí, kí ó sinmi ìbọn rẹ̀.

Ta ni kò tíì gbọ́ ìròyìn ọdẹ tí ó yìnbọn pa ènìyàn, tí ó ní ẹran ni òun rí? Ẹni tí ó kú lè jẹ́ àgbẹ̀, tàbí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn kan a ní ayé ni ó ṣe é. Àwọn mìíràn a ní àgbọ̀nrín gidi ni ọdẹ náà rí, pé wọ́n dì í lójú ni. Kò sí ẹni tí ó lè ka ìtàn Yorùbá tí kò ní bá ẹranko tí ń di ènìyàn pàdé; D.O. Fágúnwà fi irú ohun abàmì bẹ́ẹ̀ kún inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938, a sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi adùn ìtàn bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó yìnbọn kò dúró wo ohun tí ó fẹ́ yìnbọn sí. Àwọn àgbà ọdẹ mọ èyí. Nígbà tí wọ́n bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ síwájú Ògún, ìbéèrè wọn kì í ṣe ta ni ó dì ọ́ lójú. Wọ́n á ní: kí ni o rí? Níbo ni orí rẹ̀ wà? Níbo ni ìrù rẹ̀ wà? Ta ni ó kọ́ ọ?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó ń dẹ́rù ba ọ̀gá. Àbùkù ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í dúró lórí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nìkan. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀gá kan fi lè dá ọmọ tí ó ti lo ọdún méjì padà sí ilé, kí ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Lójú bàbá, ìkórìíra ni. Bí a bá rò ó dáadáa, oore ni ọ̀gá náà ṣe fún gbogbo ìlú.

Ohun kan wà tí yóò ya àwọn tí ó gbà pé àṣà àti òfin ìjọba kò lè bára mu lẹ́nu. Òfin ohun ìjà ti Nàìjíríà, ti ọdún 1959, kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ní ìbọn láìní ìwé àṣẹ. Òfin náà ya ìbọn tí à ń ti ẹnu kì, bí ṣakabùlà, sọ́tọ̀ sí ìbọn ìgbàlódé. Àmọ́ ìwé àṣẹ kan àwọn méjèèjì. Àwọn wo ni òfin sọ pé kí a má fún ní ìwé náà? Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó láti gbé ìbọn. Ọ̀mùtí. Àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn nítorí ìwà ipá tàbí ìhàlẹ̀ ìwà ipá. Ẹ padà lọ wo àwọn ìbéèrè tí ọ̀gá ọdẹ ń bi bàbá ọmọ: ìbínú, ẹmu, ojú, ìwà. Àwọn tí wọ́n kọ òfin náà kò wá jókòó sí ìloro Olúọdẹ kankan, síbẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n dé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwé ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń wò, ọ̀gá ọdẹ sì ń wo ọmọ náà fún ọdún púpọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní irú ẹgbẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pátákó ni wọ́n ń yìnbọn sí, kì í ṣe ẹran. Ní ọdún 1859 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ìbọn yíyìn ti orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ni ó yin ìbọn àkọ́kọ́ ní ìdíje wọn ní Wimbledon. Wọ́n ti gbé ìbọn náà kalẹ̀ fún un, wọ́n ti fojú sùn ún dáadáa. Okùn ni ó kàn fà. (Irú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ jẹ́!) Ní ọdún 1890 ni wọ́n kó lọ sí Bisley, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di ìsinsìnyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ìbọn tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí lónìí yóò wà lábẹ́ ìdánwò fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè gbà á ní ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́, wọn yóò sì kọ́ ọ bí a ti í di ìbọn mú láìséwu. Oṣù mẹ́ta! Ọ̀gá ọdẹ tiwa yóò ní ọmọ náà kò tíì mọ ibi tí omi wà.

Ọjọ́ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá fi ìbọn pa ẹran àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ gbé e lọ bá ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni yóò gbé e lọ, lódindi. Ọ̀gá ni yóò pín in. Bí ìpín náà ti rí, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Àwọn àgbà yóò gba tiwọn, ojúbọ Ògún yóò gba tirẹ̀, ọmọ náà yóò sì gba ìwọ̀nba tí yóò gbé lọ sílé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọ tí ó bá kùn nígbà ìpín yìí ti fi ara rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá yóò mú un lọ síwájú ẹgbẹ́. Iṣu sísun, ẹmu, epo, obì àti ajá ni ohun tí a mọ̀ mọ́ Ògún. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọdẹ òde òní kún fún Mùsùlùmí àti Kristẹni, nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń fi Kùránì tàbí Bíbélì búra níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń fi irin búra. Ohun tí wọ́n ń búra lé lórí kò yí padà: wọn kì yóò dalẹ̀ ara wọn, wọn kì yóò fi ìbọn ṣe olè, wọn kì yóò yà á fún ẹni tí ó fẹ́ fi ṣe ibi.

Ohun tí à ń pa náà ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ó sì yẹ kí ọmọ tuntun mọ̀. Igbó Ọ̀yọ́-Ilé tí àwọn baba ńlá wa ti dọdẹ ti di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1991; ẹni tí ó bá gbé ìbọn wọ ibẹ̀ kì í ṣe ọdẹ mọ́, arúfin ni. Erin tí ó ṣẹ́kù nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kò pọ̀ rárá. Oyè ọdẹ aperin ti di oyè ẹnu lásán, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn ọdẹ kan láti òkè Ọya ń rìnrìn àjò gba ìlú Uromi kọjá ní Ìpínlẹ̀ Edo, wọ́n ń lọ ilé láti ọ̀nà Port Harcourt. Àwọn ènìyàn dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n pè wọ́n ní ajínigbé, wọ́n sì pa wọ́n. Iye àwọn tí ó kú tó mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi àwọn tí ó kú. Ṣùgbọ́n kò sí Olúọdẹ tí ó gbọ́ ìròyìn náà tí kò rántí òfin àtijọ́ kan: ọdẹ tí ó bá dé ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ ní láti kọ́kọ́ lọ kí olórí ọdẹ ibẹ̀, kí ó sọ orúkọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ, kí ó tó gbé ìbọn rẹ̀ kọjá àárín ọjà. Ọmọ tí ó ra ìbọn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tí ó sì wọ igbó lọ, orúkọ ta ni yóò dá?

Ohun mìíràn tún wà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ní. Nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣe ìṣípà fún un, láti yà á kúrò láàárín àwọn alààyè, kí wọ́n sì dá a padà fún àwọn ọdẹ tí ó ti lọ ṣíwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ìrèmọ̀jé, tí Bádé Ajùwọ̀n ṣe ìwádìí rẹ̀ fínnífínní, tí ó sì fi kọ ìwé ní ọdún 1982. Ẹni tí kò bá wọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kì í ṣípà rẹ̀, ìbáà pa ẹran ju gbogbo ọdẹ ìlú lọ. Lẹ́yìn ìṣípà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìbọn olóògbé. Àpò rẹ̀, gbérí rẹ̀ àti àdá rẹ̀ lè bọ́ sí ọwọ́ àrẹ̀mọ, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ohun tí à ń jogún. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ìbọn bàbá rẹ̀ ní láti lọ gba ìwé tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Olúọdẹ yóò sì ti bi í léèrè ṣáájú ìgbà náà bóyá ó ti gbé àpò ẹnikẹ́ni rí, àti fún ọdún mélòó.